Bí a ṣe ń yan mítà fún sítíìmù tó ń lọ tó sì ń padà nínú páìpù kan ṣoṣo

Ilé iṣẹ́ tó ní yàrá bọ́ílà méjì sábà máa ń fi páìpù kan so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí bọ́ílà A bá ń ṣiṣẹ́, sítíìmù á gba páìpù náà lọ sọ́dọ̀ B. Bí wọ́n bá pa A fún àtúnṣe, tàbí tí iná lọ tí A kò sì tètè jí, sítíìmù á yí padà wá láti B. Wọ́n á ra mítà, wọ́n á dè é mọ́ páìpù yìí, ṣùgbọ́n tó bá di ìparí oṣù, iye tó kà kò ní bá ti bọ́ílà mu rárá. Mítà tó lè fi àmì ìyọkúrò hàn nìkan ni wọ́n wá lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ àmì yẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ gan-an wà lára ohun tó yí mítà ká. Páìpù tó tọ́ gbọọrọ, ibi tí omi ń gbà jáde, ibi tí a ti ń wọn prẹ́ṣọ̀: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pé lápá ọ̀tún, kí wọ́n sì pé lápá òsì, kí òdo mítà náà sì jẹ́ òdo lóòótọ́.

Àpẹẹrẹ kan la ó máa lò jálẹ̀. Páìpù DN150 ni, inú rẹ̀ jẹ́ 154 mm. Sítíìmù inú rẹ̀ jẹ́ saturated, ìyẹn pé ìgbóná rẹ̀ kò ju èyí tí omi fi ń hó ní prẹ́ṣọ̀ náà lọ; gèéjì sì ń ka 7 bar, ìyẹn 8 bar absolute (tí a bá fi prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ ayé kún un). Láti A sí B, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 5,000 kg ní wákàtí kan. Láti B sí A, 1,500 kg. Lóru, ó lè lọ sílẹ̀ dé 500 kg ní apá yòówù.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó pe olùtajà

- Ìwọ̀n inú páìpù gan-an. Orúkọ DN150 nìkan kò tó: schedule 40 (schedule ń sọ bí ara páìpù ṣe nípọn tó) jẹ́ 154 mm nínú, schedule 80 jẹ́ 146 mm.
- Prẹ́ṣọ̀ tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù nínú páìpù náà, pẹ̀lú ìgbóná rẹ̀ bí sítíìmù bá jẹ́ superheated, ìyẹn tó gbóná ju saturated lọ.
- Ìwé àkọsílẹ̀ bọ́ílà méjèèjì, pàápàá ti àwọn ọjọ́ tí ọ̀kan kú tí èkejì ń ṣiṣẹ́.
- Steam table, ìwé tó ń sọ ìwúwo sítíìmù ní prẹ́ṣọ̀ kọ̀ọ̀kan.
- Àwòrán ọ̀nà tí páìpù gbà, pẹ̀lú gbogbo ìgbọ̀nwọ́ àti fáàfù, kí ẹ fi téèpù wọn àárín wọn.
- Ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ṣé ẹnì kan máa fi iye yìí gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àbí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ ni?

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé ó ń padà, kí ẹ mọ ìgbà tó ń padà

Ẹ má fi gèéjì méjì tó wà ní ìkángun páìpù ṣe ẹ̀rí. Gèéjì 0 sí 16 bar tó jẹ́ class 1.6 (àṣìṣe 1.6% gbogbo ìwọ̀n rẹ̀) lè fi nǹkan bíi 0.26 bar ṣìnà. Nínú páìpù wa yìí, bí ó bá gùn tó 60 m, ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ láàárín ìkángun méjèèjì kò tó 0.1 bar, kódà nígbà tí ìṣàn bá pọ̀ jù. Àṣìṣe gèéjì tóbi ju ohun tí ẹ ń wá lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ bọ́ílà ló ń sọ òótọ́. Ẹ wá àkókò tí A kú tí ẹ̀rọ tó wà lápá A ṣì ń gba sítíìmù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ibòmíràn wo ni sítíìmù ì bá tún ti wá bí kò ṣe B?

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún ló ń padà, nígbà àtúnṣe ọlọ́dọọdún, ẹ lè ra mítà lásán tó ń ka apá kan, kí ẹ fi bypass, páìpù tó yí mítà náà ká, sí i fún ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ sì fi omi tí bọ́ílà gbà ṣírò ohun tó kọjá. Ó dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti fáàfù bypass náà pa, torí bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, mítà á máa ka ìdajì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tó sọ ìgbà tí sítíìmù ń lọ A sí B àti ìgbà tó ń bọ̀ láti B. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ìpele 2: Iye mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan

Èyí tó pọ̀ jù, èyí tó wọ́pọ̀, èyí tó kéré jù; lápá A sí B, kí ẹ tún ṣe é lápá B sí A. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ 5,000 kg, wọ́n á ní kí olùtajà lo iye kan náà fún ìpadàbọ̀. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni mítà ti ń fọ́jú.

Ẹ má da iye ara bọ́ílà kọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti omi tó ti wà ní 100°C tó sì di sítíìmù ní 100°C. Bọ́ílà tí wọ́n kọ 5 tọ́ọ̀nù sí, tó ń gba omi 60°C tó sì ń ṣe sítíìmù ní 7 bar lórí gèéjì, nǹkan bíi 4.5 tọ́ọ̀nù ló lè mú wá. Omi tí bọ́ílà gbà, tí ẹ bá yọ èyí tí wọ́n tú dànù ní blowdown kúrò, ni iye tó ṣeé gbára lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò eré sítíìmù. Ní 8 bar absolute, 1 m³ sítíìmù wúwo 4.16 kg. Nítorí náà 5,000 kg jẹ́ nǹkan bíi 1,200 m³ ní wákàtí kan, nínú DN150 ó ń sáré 18 m/s. 1,500 kg ń sáré 5.4 m/s. 500 kg ń rìn ní 1.8 m/s péré.

*Àyẹ̀wò:* Iye mẹ́fà ti wà nínú ìwé yín, eré mẹ́fà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ pín èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn sí èyí tó kéré jù. Tiwa jẹ́ 10. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ìpele 3: Irú mítà

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò lè ṣe é. Mítà magnetic kò ka sítíìmù, nítorí sítíìmù kì í gbé iná. Nozzle, venturi àti V-cone, àwọn mítà tó ń fún ọ̀nà sítíìmù kí wọ́n lè wọn ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀, ní iwájú àti ẹ̀yìn. Bí sítíìmù bá gba ẹ̀yìn wọn wọlé, ìṣirò tí wọ́n fi ṣe wọ́n kò bá a mu mọ́. Mítà onísípíríìngì náà, apá kan ló ń ṣí sí.

Coriolis, mítà tí páìpù inú rẹ̀ ń gbọ̀n, ń ka méjèèjì láìsí wàhálà, ó sì ń ka kílò gan-an. Ṣùgbọ́n sítíìmù fúyẹ́, inú mítà náà sì há: yálà kó jẹ prẹ́ṣọ̀ yín, tàbí kí ẹ ra èyí tó tóbi, tó sì le fún ìgbóná yìí. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ultrasonic, mítà tó ń fi ìró wọn eré sítíìmù, kò bìkítà nípa apá tí sítíìmù ń lọ. Èyí tí wọ́n ṣe mọ́ páìpù, tí wọ́n dìídì ṣe fún sítíìmù, dára. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn páìpù ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ìró kì í fẹ́ kúrò nínú irin bọ́ sínú sítíìmù tó fúyẹ́. Bí olùtajà bá ní ó ṣeé ṣe, kó wá dè é mọ́ páìpù yín fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sanwó.

Averaging pitot, ọ̀pá oníhò tó la páìpù kọjá, lè ka méjèèjì bí iwájú rẹ̀ bá rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ kéré. Ní 5,000 kg tiwa, nǹkan bíi 12 sí 18 mbar ló máa mú wá (1,000 mbar ni 1 bar). Ní 500 kg, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn ni. Kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn gba owó.

Vortex, mítà tó ń ka ìjì kékeré tí ọ̀pá inú rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú ìṣàn, ni olùtajà máa kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì dára gan-an fún sítíìmù tó ń lọ apá kan. Ọfà wà lára rẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Bí sítíìmù bá gba ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé, wọ́n ṣì lè máa ka, wọ́n á sì fi kún iye ìlọ. Ìpadàbọ̀ yín ti di ìlọ nìyẹn, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín.

Ohun méjì ló wá kù:

*Ẹ̀ka méjì.* Ẹ la páìpù sí ẹ̀ka méjì, vortex kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọfà ọ̀kan kọjú sí B, ti èkejì kọjú sí A, kí ẹ fi non-return valve, fáàfù tí kì í jẹ́ kí sítíìmù padà, sí ẹ̀yìn mítà kọ̀ọ̀kan. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ẹ̀ka méjèèjì kò ní láti tóbi bákan náà. A sí B lè jẹ́ DN100, tí 5,000 kg á sáré 41 m/s nínú rẹ̀. B sí A lè jẹ́ DN80: 1,500 kg á sáré 21 m/s, 500 kg á sáré 7 m/s, mítà á ṣì ríran. Àléébù rẹ̀ ni non-return valve tó ń jò. Bó bá ń jò, sítíìmù á yọ́ gba ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀ padà, vortex ibẹ̀ á sì lè kà á sí ìlọ.

*Pẹlẹbẹ onihò*, ìyẹn orifice plate, tí wọ́n gé fún ọ̀nà méjì. Ó pọ́ọ́kú, ẹni tó mọ lathe dáadáa lè gé e, ojú ìwọ̀n rẹ̀ sì wà nínú ìlànà àgbáyé ISO 5167-2. Ohun tó ń béèrè ni páìpù gígùn àti ẹni tó máa fọwọ́ pàtàkì mú òdo.

Ní tiwa, bí iye tí ẹ pín ní ìpele 2 bá ju 10 lọ, ẹ lọ fún ẹ̀ka méjì láìjanpata. Ní 10 tàbí kó dín, tí àyè sì wà, pẹlẹbẹ onihò tó. Ẹni tó bá yan ẹ̀ka méjì lè fo ìpele 4 àti 6.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi olùtajà léèrè lórí ìwé: "Kí ni mítà yìí máa kà bí 500 kg bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn?" Kó fi nọ́ńbà dáhùn. "Ó ṣeé lò fún sítíìmù" kì í ṣe ìdáhùn.

Ìpele 4: Pẹlẹbẹ náà fúnra rẹ̀

Fún àpẹẹrẹ wa, ihò 77 mm, ìdajì inú páìpù, máa mú ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ bíi 280 mbar wá ní 5,000 kg. Ní 1,500 kg, 25 mbar. Ní 500 kg, 2.8 mbar. Bí ìṣàn bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 280 mbar yẹn, nǹkan bíi 205 kò ní padà sí páìpù mọ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó wà ní ìkángun lè fara da 0.2 bar tó sọnù.

Pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n fá ní gẹ̀rẹ́. Ẹ má rà á. Ti ọ̀nà méjì kì í ní gẹ̀rẹ́ rárá: ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́jú, etí ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ mú. Nínípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.005 sí 0.02 ti inú páìpù; fún 154 mm, ìyẹn jẹ́ 0.8 sí 3 mm. Ẹ ní kí wọ́n gé e ní 3 mm.

Ihò ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀ ńkọ́? Ẹ lo flange taps, ihò tí wọ́n lu sínú flange tó di pẹlẹbẹ mú, 25.4 mm sí pẹlẹbẹ ní ọ̀tún àti ní òsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní D àti D/2 (D ni inú páìpù) kò dọ́gba, apá kan jìnnà ju èkejì lọ, nítorí náà kò wúlò fún ìpadàbọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ihò náà. Etí tó mú kì í dán padà sí yín lójú. Bí ìlà tín-ín-rín kan bá ń tàn níbẹ̀, etí ti kú, ẹ dá a padà. Ẹ yí i, kí ẹ wo ojú kejì pẹ̀lú.

Ìpele 5: Ibi tí a óò fi sí

Fún ihò tó jẹ́ ìdajì páìpù, lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ kan ṣoṣo, pẹlẹbẹ nílò páìpù tó tọ́ gbọọrọ tó ìlọ́po 22 inú páìpù níwájú rẹ̀, àti ìlọ́po 6 lẹ́yìn. Olùtajà á ka 22 níwájú, á ka 6 lẹ́yìn, á ní ó ti pé. Kò pé. Bí sítíìmù bá yí padà, ẹ̀yìn ti di iwájú. Ẹ nílò 22 ní apá méjèèjì: 3.4 m lọ́tùn-ún, 3.4 m lósì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 m láìsí ìgbọ̀nwọ́, láìsí fáàfù. Ihò tó bá tóbi ju ìdajì lọ ń béèrè ju bẹ́ẹ̀, ní 0.6, 22 yẹn á di 42.

Ọ̀rọ̀ omi ló tún kàn. Ẹ̀bá ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ yìí ga ní 38 mm, ó sì dúró bí ìsédò kékeré nínú páìpù. Nígbà tí A àti B bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ìṣàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, sítíìmù á máa tutù di omi síbẹ̀. Nígbà tí ìṣàn bá wá dé wìì, ó lè gbá omi yẹn mọ́ pẹlẹbẹ kó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àpò omi tó fẹ̀ tó 100 mm, tó ní steam trap (ohun tó ń tú omi jáde tó sì ń di sítíìmù mú), sí apá méjèèjì, lẹ́yìn páìpù gígùn náà. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò ìṣàn kékeré sí ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe ìṣirò, torí ihò yẹn ń yí iye padà. Ẹ̀ka méjì ti vortex náà ń béèrè trap tirẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀ka kan máa ń sùn nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí etí rẹ̀ bá yọ sínú páìpù, àṣìṣe ti wọlé.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn wákàtí kan tí sítíìmù ti wọlé, ẹ wo trap méjèèjì bóyá wọ́n ń tú omi. Èyí tó tutù pátápátá ti dí.

Ìpele 6: Ìkòkò omi, transmitter àti òdo

Ibí ni owó ti ń jò jù, nítorí náà ẹ má kánjú.

Sítíìmù kò gbọ́dọ̀ kan transmitter, ẹ̀rọ tó ń sọ ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ di àmì iná. Ìkòkò omi méjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, páìpù tín-ín-rín tó kún fún omi á sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ dé transmitter tó wà nísàlẹ̀. Ìkòkò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ojú ìlà kan. Bí ọ̀kan bá fi 10 mm péré ga ju èkejì lọ, omi yẹn jẹ́ 1 mbar. Lójú mítà wa, 1 mbar dà bí 300 kg sítíìmù ní wákàtí kan. Ó lé ní 7 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, nínú páìpù tí ohunkóhun kò gbà kọjá. Nínú mítà apá kan, àṣìṣe yìí lè fara pamọ́ bó bá bọ́ sí apá ìyọkúrò. Nínú ti ọ̀nà méjì, kò sí ibi ìfarapamọ́: ẹnì kan máa sanwó rẹ̀. Ẹ lo lẹ́fẹ̀ẹ̀lì olómi, ẹ má fi ojú wọn ọ́n.

Ẹ ṣètò transmitter sí −300 sí +300 mbar. Òdo á wà ní 12 mA, àárín àmì 4 sí 20 mA tó ń mú jáde. 280 mbar ìlọ á jẹ́ 19.5 mA, 25 mbar ìpadàbọ̀ á jẹ́ 11.3 mA. Ẹ pa square root inú rẹ̀, ìṣirò tó ń sọ ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ di ìṣàn: kọ̀ǹpútà mítà ni kó ṣe é. Ọ̀pọ̀ transmitter tí wọ́n bá ní kó ṣe square root máa ń sọ gbogbo ìyọkúrò di òdo, ìpadàbọ̀ yín á sì pòórá pátápátá. Ẹ fi transmitter kejì, −30 sí +30 mbar, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìṣàn kékeré. Láìsí i, 500 kg yẹn kò ní ṣeé gbà gbọ́.

Ẹ bu omi kún ìkòkò méjèèjì kí ẹ tó ṣí sítíìmù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo òdo, ẹ ti fáàfù apá kan kí ẹ tó ṣí equaliser, fáàfù tó so apá méjèèjì pọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, omi á ṣàn lọ láti ìkòkò kan sí èkejì, sítíìmù á sì tẹ̀lé e dé ara transmitter.

*Àyẹ̀wò:* Òdo tó wà ní manifold, ìyẹn fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ń sọ nípa transmitter nìkan. Kò lè rí ìkòkò tí kò dọ́gba. Ẹ ti fáàfù ńlá ní ìkángun páìpù kan kí ìṣàn dúró, kí prẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹ ti equaliser, kí ẹ ṣí apá méjèèjì. Ẹ dúró títí ìkòkò yóò fi kún. Transmitter kékeré gbọ́dọ̀ ka òdo, kó má fi ju 0.2 mbar ṣìnà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ìkòkò sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ má fi bọ́tìnnì òdo bò ó mọ́lẹ̀.

Ìpele 7: Kọ̀ǹpútà mítà àti iye àpapọ̀

Prẹ́ṣọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ìwúwo sítíìmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iwájú pẹlẹbẹ. Bí ìṣàn bá yí padà, ibi tó jẹ́ iwájú náà yí padà. Ní 5,000 kg, lílo prẹ́ṣọ̀ ẹ̀yìn máa mú kó kà dín ní bíi 1.7%. Ẹ fi transmitter prẹ́ṣọ̀ sí apá méjèèjì, tàbí kí ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ kún un nígbà tí àmì bá yí padà.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá kọ̀ǹpútà ń retí gèéjì tàbí absolute. Ẹni tó bá kọ 7 síbi tó yẹ kó kọ 8 á pàdánù 6% lórí pẹlẹbẹ, 12% lórí vortex, lójoojúmọ́.

Àpapọ̀ méjì ni kí ẹ béèrè fún: ti ìlọ lọ́tọ̀, ti ìpadàbọ̀ lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń yọ ọ̀kan nínú èkejì tó sì ń fi ohun tó kù nìkan hàn ti jẹ ẹ̀rí yín. Ẹ ṣètò ìdáwọ́ kíkà sí nǹkan bíi 250 kg ní apá méjèèjì, kí ìmìtìtì kékeré má baà máa kó jọ. Kí bátìrì sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ìgbà tí iná bá lọ gan-an ni ìṣàn sábà máa ń yí padà, bí kọ̀ǹpútà bá sì kú pẹ̀lú bọ́ílà, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó kọjá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa bọ́ílà A fún wákàtí mẹ́rin, kí ẹ jẹ́ kí B bọ́ gbogbo ilé. Àmì gbọ́dọ̀ yí padà, àpapọ̀ ìlọ gbọ́dọ̀ dúró gbọnin, ti ìpadàbọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú omi tí B gbà ní wákàtí mẹ́rin náà, ẹ yọ blowdown kúrò, kí ẹ tún yọ ohun tí ẹ̀rọ apá B jẹ. Bí ohun tó kù bá fi ju 5% yàtọ̀ sí ti mítà, ẹ padà sí ìpele 6 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí pẹlẹbẹ.